Ọ̀rọ̀ Tí Tíṣà Fáàbù Kò Lè Túmọ̀

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà fi kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ṣoṣo, nínú kíláàsì tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá, á dákẹ́ títí ariwo á fi lọ tán, á wá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rẹ̀ láti ibi tó bá a dé gẹ́lẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní «verb», ló fẹ́ràn jù. Ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀-orúkọ kàn ń jókòó lásán ni, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣiṣẹ́ ilé. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń pè é ní Tíṣà Fáàbù, títí ẹni tó ń ta ìwé níwájú ilé ẹ̀kọ́ kò fi mọ orúkọ mìíràn fún un mọ́.

Ọ̀kan wà nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà tó máa ń fi odidi ọjọ́ kan kọ́. «Let» ni. Á kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó, á ní, "Ẹ má wò ó pé lẹ́tà mẹ́ta péré ni. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ."

Á ní ohun tó túmọ̀ sí ni «jẹ́ kí». Jẹ́ kó jókòó, jẹ́ kí á lọ. "Ẹ má sì ti «to» bọ àárín rẹ̀ o. Ẹni tó bá kọ «let him to go» fún mi, òun gan-an ni màá jẹ́ kó máa lọ sílé." Kíláàsì á rẹ́rìn-ín. Á sọ pé «let» yìí náà ni onílé ń kọ sára ògiri, «to let», nígbà tó bá ń wá ayálégbé. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yọ ìwé ìrìnnà rẹ̀, èyí tí kò fi dé ibì kankan rí, á ka ibi tí wọ́n ti ń bẹ àwọn ìlú mìíràn pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tó ni ín kọjá láìsí «let» àti ìdènà.

"Tíṣà," ọmọ kan á béèrè, "ẹ ní jẹ́ kó kọjá ni. Báwo ló ṣe tún di ìdènà?"

Ibi tó ń fẹ́ kí wọ́n dé nìyẹn. "Nígbà láéláé, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ọ̀kan ni kí èèyàn yọ̀ǹda nǹkan, kó fi í sílẹ̀. Èkejì ni kí á dí èèyàn lọ́wọ́, kí á mú un pẹ́. Ẹnu àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ̀ wọ́n, ó lọ̀ wọ́n, títí wọ́n fi jọra bí ìbejì. Èyí tó jẹ́ ìdènà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, inú ìwé òfin àti eré tẹníìsì ló sá pamọ́ sí. Àwọn méjèèjì ló sì bá «late» tan, èyí tí à ń lò fún ẹni tó pẹ́ dé, tí à tún ń lò fún òkú."

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí Tíṣà bá ń sọ̀rọ̀ báyìí nílé, á gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ, á ní, "Tíṣà, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn náà ló máa bá wa rán ìdí ṣòkòtò yín tó ti ya?" Wọn kò bímọ. Àbúrò ìyàwó lóbìnrin, tó wá bá wọn gbé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, ni wọ́n tọ́ dàgbà. Ó gbé nílé tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì kò gbé nínú rẹ̀. Iṣẹ́ búrẹ́dì ló kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, kì í kúrò ládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí nìkan ló mọ̀ ní ìyá.

Ọdún kejì tí Tíṣà fẹ̀yìn tì ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó ń ka ìwé ìròyìn lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tó gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ náà ń dún lódì. Nígbà tó fi máa wọ ṣọ́ọ̀bù, ọwọ́ ọ̀tún ìyàwó rẹ̀ ti já sílẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sápá kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tẹ ẹ̀rọ, tí abẹ́rẹ́ ń gún aṣọ lójú kan náà. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú ọpọlọ. Wọ́n ki ọ̀pá rọ́bà sí i lọ́nà ọ̀fun, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá a mí.

Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni kò lajú. Àbúrò ń wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sán, ìyẹ̀fun ṣì wà ní ìgúnpá rẹ̀, á máa fi ìpara ra ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á máa sọ ìròyìn àdúgbò fún un. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, obìnrin kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣiṣẹ́, kò gbọ́ èdè wọn. Tíṣà ló ń túmọ̀. Ó ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ láìfo ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ ríru, ibà, ìtọ̀, bí ẹni tó ń fi àmì sí iṣẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, dókítà pè wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó sọ pé, «I think it is time to let her go.»

Kò sí oríkèé tí Tíṣà kò mọ̀ lára gbólóhùn náà. Ó mọ̀ pé èèyàn kì í sọ bẹ́ẹ̀ àfi nípa ohun tó bá ti wà lọ́wọ́ ẹni, tí ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ là. Síbẹ̀ ó dúró, ó ń wá ìtumọ̀ mìíràn fún un, bí ẹni tó ń tú àpò tó mọ̀ pé òfìfo ni.

"Bọ̀dá, kí ló wí?" Àbúrò ti di apá rẹ̀ mú.

"Ó ní... ó ní kí á jẹ́ kó máa lọ."

"Kó máa lọ sílé?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú dókítà, ó ń da ẹ ṣeun bolẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ lójú rẹ̀. Dókítà fà á dìde, ó gbá a mọ́ra, omi lé sí ojú tirẹ̀ náà. Ó yíjú sí Tíṣà, ó sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé obìnrin yìí lọ́kàn ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Tíṣà la ẹnu. Nígbà tó fi máa pe Àbúrò, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Dókítà sì ti fi bébà tí Tíṣà yóò fọwọ́ sí, kí wọ́n tó lè pa ẹ̀rọ, lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí Tíṣà délé, wọ́n ti fọ yàrá. Àbúrò ti gbé bẹ́ẹ̀dì sún mọ́ fèrèsé, ó ti tẹ́ aṣọ tuntun. "Bọ̀dá, ṣé irọ̀rí méjì tó, àbí kí n wá ẹ̀kẹta?"

"Àbúrò, jókòó. Ohun tí dókítà sọ yẹn..."

"Ẹ má dààmú. Mo mọ̀ pé kò ní lè rìn lójú ẹsẹ̀. Èmi ni màá máa gbé e."

"Kì í ṣe ìyẹn."

"Kí wá ni?"

Tíṣà wo ojú rẹ̀. Ó ní, "Méjì tó."

Lọ́jọ́ kejì, Àbúrò dé ọsibítù pẹ̀lú báàgì, ó kó ìró, búláòsì àti bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì kan tó gbọ́ èdè rí bàtà náà. Ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe. Àbúrò sọ fún un. Nọ́ọ̀sì wo Tíṣà, Tíṣà wolẹ̀. Nọ́ọ̀sì wá mú Àbúrò jókòó sórí àga, ó bá a sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Àbúrò kò pariwo. Ó ń wo Tíṣà ṣáá. "Bọ̀dá, ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

"Mo gbọ́ ọ."

"Ẹ gbọ́ ọ, ẹ wá jẹ́ kí n lọ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Tíṣà fẹ́ sọ pé èdè méjèèjì ló parapọ̀ dalẹ̀ òun, pé ohun tí òun túmọ̀ kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Òótọ́ ni, àmọ́ òótọ́ náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àbúrò kó báàgì rẹ̀, ó lọ jókòó sí òdìkejì bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ mẹ́rin ni bébà náà fi wà nínú àpò Tíṣà. Á yọ ọ́, á ṣí bírò, á dé e padà. Dókítà kò fi ipá mú un. Ní ọ̀sán ọjọ́ karùn-ún, bí Àbúrò ṣe ń ra ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ọkàn ìyàwó náà dáṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n sáré wá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ láyà, kò dá wọn lóhùn. Ẹ̀rọ sì ń mí lọ ní tirẹ̀, títí nọ́ọ̀sì fi na ọwọ́ pa á.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àbúrò kò yọjú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn oníbàárà ìyàwó ló ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ń kí i kú ará fẹ́ra kù, wọ́n sì ń rọra béèrè aṣọ wọn. Tíṣà á mú wọn wọ ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ wà lórí tábìlì, lórí àga, lára ìṣó, òmíràn ti ní ọwọ́ kan, òmíràn kò tíì lọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ kì í kọ orúkọ sí i, orí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Tíṣà á mú ọ̀kan, á ní, "Ṣé èyí ni?" Wọ́n á ní rárá. Á mú òmíràn. Obìnrin kan ti gbé aṣọ ẹlòmíràn lọ sílé, ó tún gbé e padà wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà jókòó sáàárín àwọn aṣọ náà, ó fi aṣọ aláwọ̀ ewé kan sórí itan, ẹnìkan sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń retí rẹ̀. Àbúrò wọlé láìkanlẹ̀kùn. Kò kí i. Ó gba aṣọ náà lórí itan rẹ̀, ó wò ó.

"Ti ìyá aláta nìyí," ó ní. "Ẹ sún."

Ó sún fún un.