Ọ̀nà Ìsun Tí Mo Ní Kó Ṣí Sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ olókè tí í fẹ̀yìn ti àpáta wo òjò. Ọmọ asùn-má-tìlẹ̀kùn, òkè ló ń bá wọn ṣọ́lé. Ọmọ abomi-tútù-pàdé-àlejò, obìnrin tí í rẹ́rìn-ín kó tó bínú. Sùn re o.

Èmi ni àbúrò rẹ̀. Warri ni mo ti ń ta àlùbọ́sà nígbà tí ìjà ìlú bẹ̀rẹ̀. Òun wà nílé wa l'Ókè-Ògùn, nídìí òkè tí àwọn onífàájì ń rọ́ wá gùn láti Èkó àti Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sun ìsọ̀ mi, tí a di ẹrù sá lọ sí Ekete nítòsí Warri, ni fọ́tò rẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́: òun láàárín àwọn òyìnbó, pẹ̀lú búbá tuntun. Ọmọ ìyá kan náà ni wá, ọta ìbọn sì ni àlejò tèmi. Ìlara ni, n kò ní í pè é ní nǹkan mìíràn.

Ó pè mí lórí fóònù. "Àbúrò mi, àwọn àlejò yìí ń pa wá o. Inú ìsun tí à ń mu ni wọ́n ti ń fi ọṣẹ fọ ẹsẹ̀. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà ti kún àkùrọ̀. Wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ sára àpáta bí ẹni pé àwọn ló bí i."

Mo ní, "Ẹ kú ìyà, ìyàwó òyìnbó."

"Òyìnbó wo? Èyí tí í jókòó lẹ́ẹ̀mẹwàá kó tó dé ìdajì òkè?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tó fẹ́ kò pọ̀. Ọ̀nà ìsun náà gba inú ilẹ̀ tí ìyá ìyá wa fi sílẹ̀ fún àwa méjèèjì. Nílé wa, ẹnìkan kì í dá ilẹ̀ ogún dí. Àfi kí àwọn tó ni ín fohùn sí i, kí àwọn àgbà ẹbí gbọ́. Àwọn àgbà náà jókòó tì í bó ṣe ń pè mí. Ó ní, "Sọ pé o gbà, kí n ṣọgbà síbẹ̀. Kí wọ́n máa gba iwájú ilé mi, kí n lè máa rí wọn."

Iwájú ilé rẹ̀! Mo rò ó pé ó fẹ́ dá gbogbo àlejò gbà fún ara rẹ̀ ni.

"N kò gbà. Ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọmọbìnrin mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Mama, why you talk am like that?" Mo ní kó panu mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa. Mo gbọ́."

Látìgbà náà, àràárọ̀ ló ń lọ síbi ìsun fúnra rẹ̀, ó ń ṣa ọ̀rá, ó ń bẹ àwọn ènìyàn. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, omi ọṣẹ wọn wà lórí àpáta. Ó yọ̀, ó fi orí gbá òkúta. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú lóru ọjọ́ náà.

Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, wọn ò lè dúró dè mí. Èmi náà ò lè jáde: kónílé-ó-gbélé ni, ṣọ́jà sì kún títì.

Ọkùnrin mẹ́rin nílé wa ló gbé e. Mo mọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn títí dé orí bàbá bàbá wọn. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.