Fóònù Tí Mo Gbé Nílé Bàbá Olóyè

Òórùn kọfí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Olóyè láàárọ̀ Sátidé, kọfí dúdú tí kò mọ ṣúgà rí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà yẹn. Iṣẹ́ kéà, ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn, ni Mọ́mì ń ṣe ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì sẹ́ni tí wọ́n lè fi mí tì, ni wọ́n ṣe máa ń fà mí lọ́wọ́ lọ. Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n: “Jókòó síbẹ̀, má fọwọ́ kan nǹkan kan.”

Ìjòyè ni Bàbá ní ilẹ̀ Faransé, oyè àjogúnbá. Wọ́n ti ṣe aṣòfin rí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń sọ títí àwọn èèyàn fi ń fi wọ́n ṣẹ̀rín: kí wọ́n dá ọba padà sórí ìtẹ́. Ìbò gbé wọn ṣubú, ilé ńlá bàbá wọn bọ́ lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n bá tẹ̀lé ìyàwó wọn, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Peckham. Ibẹ̀ náà ni ìyàwó kú sí. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wá lọ du ipò ní Faransé lábẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tí kò fẹ́ ọba. Bàbá ní òun ò bí i mọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọn ò fi bára wọn sọ̀rọ̀.

Mọ́mì ò gbà. Wọ́n á ní kí n túmọ̀ òwe wọn fún Bàbá dáadáa: “Bí a bá fọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra.” Bàbá á kọjú sí fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ ọba délẹ̀. Mọ́mì ní lọ́dọ̀ tiwa, ọba kì í kú, ó máa ń wàjà ni. Àní ọmọ tálákà tó wà lájò, a kì í sọ fún un pé àárẹ̀ bàbá ẹ̀ le. A ó ní bàbá ẹ̀ fẹ́ rí i. Bàbá mirí. Wọ́n ní lọ́dọ̀ tiwọn, gbangba ni wọ́n ti ń kéde ẹ̀, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

Nígbà òtútù, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Dókítà ní ó ku ọjọ́ díẹ̀. Bàbá fúnra wọn kọ lẹ́tà sí ọmọ wọn pé kó wá. Ní Sátidé, fóònù dún. Bàbá ń sùn, ọwọ́ Mọ́mì wà nínú omi, ni mo bá gbé e. Ọmọ wọn ni. Ó bi mí bóyá kí òun máa bọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Mo wo ojú Mọ́mì. Wọ́n rọra ní, “Ojú lọ̀rọ̀ wà. Sọ fún un pé ara wọn ti ń mókun, wọ́n kàn fẹ́ rí i ni.”

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ “wọ́n kàn fẹ́ rí ẹ,” kíá ló ti wọkọ̀. Ọkùnrin yẹn dúpẹ́, ó ní òun á wá ní Tọ́sìdeè.

Nígbà tí Bàbá jí, tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ wọn ń bọ̀, wọ́n ní kí Mọ́mì fá irùngbọ̀n àwọn, kí wọ́n gbé àga àwọn kọjú sílẹ̀kùn. Ojoojúmọ́ ni Mọ́mì ń fá a. Bàbá kú láàárọ̀ Túsìdeè.

Ọmọ wọn dé ní Tọ́sìdeè, ó di ọmọbìnrin ẹ̀ kékeré lọ́wọ́ mú. Ó wò mí, ó ní, “Ṣebí o ní ara wọn ti ń yá.” Mọ́mì kúnlẹ̀ fún un. N kò rí i kí wọ́n kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nílùú ọba rí. Ó dùn mí dénú egungun.

Nọ́ọ̀sì ni mí báyìí, èmi ni mo máa ń pe ẹbí àwọn aláìsàn. N kì í fọ̀rọ̀ bò fún àjèjì. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, ó kan Mọ́mì fúnra wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè láti Ìbàdàn, ó ní báwo ni wọ́n ṣe wà. Ẹnu mi ti ń sọ pé ara wọn ti ń mókun.

Mọ́mì gbọ́ mi láti orí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní, “Rántí Bàbá Olóyè. Sọ fún un.”

Mo ní, “Bọ̀dá mi, Mọ́mì ń lọ. Ẹ máa bọ̀ lónìí.”

Ẹ̀gbọ́n mi bá wọn láyé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ọjọ́sí gbọ́rọ̀ sí ìyá ẹ̀ lẹ́nu. Lọ́tẹ̀ yìí náà, mo gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu.