Àkàrà Ọjọ́ Tí Owó Kò Dé

Tí mo bá gbọ́ òórùn àkàrà ní Rye Lane, ní London níbí, inú máa ń bí mi.

Nígbà tí lẹ́tà dé pé ìjọba ti fọwọ́ sí owó ìrànwọ́ Daddy, nítorí ẹsẹ̀ wọn tó rọ, ọjọ́ náà gan-an ni Mummy dín àkàrà sàráà fún gbogbo aládùúgbò. Oṣù mẹ́ta kọjá, lẹ́tà nìkan la ṣì ń rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ti iléèwé dé, òórùn àkàrà pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mi ò tiẹ̀ wọlé. Ṣe ni mo ń kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò kiri: “Owó Daddy ti dé o!”

Kíá, ilé kún. “Alhamdulillah! Ẹ kú oríire!”

Daddy jókòó, fóònù létí wọn, orin tí ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ fi ń dá èèyàn dúró ń dún nínú ẹ̀. Wọ́n wò mí bíi pé kí wọ́n gbá mi létí. Mummy ń pín àkàrà, wọ́n ń ṣe “Àmín, àmín,” títí abọ́ fi ṣófo.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹ̀wà tó kù nílé nìyẹn, òun sì ni oúnjẹ alẹ́ wa.

Ẹni tó jáde kẹ́yìn ń lá epo ọwọ́ ẹ̀. “Alhaji, ẹ má gbàgbé wa o.”

“Inshallah,” ni Daddy wí. Orin yẹn ò dákẹ́.