Bàtà Tó Pa Baba Onílé Láró

Òórùn ló kọ́kọ́ wọlé kí baba náà tó wọlé. Ó jọ òórùn ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kun ilẹ̀kùn, àmọ́ mi ò kà á sí. Kí fóònù alágbèéká tó gbòde ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà ní yàrá pàjáwìrì kan n'Ífẹ̀, aṣọ funfun mi sì ń dán ju ọpọlọ mi lọ.

Baba onílé ni, láti Ìlódè, ìyàwó wọn ló mú wọn wá. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n jẹ alága ẹgbẹ́ onílé. Agbádá wọn le gbagidi, bàtà wọn ń dán, wọ́n sì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Baba dúdú dáadáa, ara wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Ìgbà tí wọ́n lanu ni mo rí i pé ètè àti ahọ́n ti rí bí aṣọ àdìrẹ.

"Ọkàn ni," mo wí, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo gbé ọ́síjìn sí wọn nímú. Kò yí padà. Mo yí i sókè sí i, ètè ń dúdú sí i. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀: mo gbọ́ àyà títí etí fi ń ro mí, àyà ń dún kedere bíi ti géńdé.

Ọ̀gá wa obìnrin, tí kì í pariwo tí gbogbo wa sì ń bẹ̀rù, ní kí n kán ẹ̀jẹ̀ baba sórí òwú funfun. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó pọ́n bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i dúró bíi kòkó tí ò ní mílíìkì.

"Dókítà," ni ọ̀gá wa wí, "ọ́síjìn pọ̀ nímú baba. Ẹ̀jẹ̀ ni ò lè gbé e mọ́. Màmá, kí ni baba jẹ, kí ni wọ́n fi para?"

Ìyàwó baba ní, "Wọn ò jẹ nǹkan kan o! Bàtà ni wọ́n ń bá jà. Búráùn ni, ẹgbẹ́ ní dúdú ni alága ń wọ̀. Aránbàtà pa á láró, ó ní kí wọ́n sá a sóòrùn dọ̀la. Wọ́n wọ̀ ọ́ ní tútù, láìsí ìbọ̀sẹ̀, wọ́n fi yí gbogbo Ìlódè ká kí ayé lè rí i!"

Ọ̀gá wa fa imú. "Ẹ bọ́ bàtà yẹn! Aró tútù náà ti gba awọ ẹsẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀."

Baba ti ìbòmú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ tọ́jú àyà, ẹ fi bàtà sílẹ̀. Wọ́n ń dúró dè mí."

"Ṣé òkú ni wọ́n fẹ́ fi jẹ alága ni?" ni ìyàwó wí. "Ẹ na ẹsẹ̀!"

A bọ́ ọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì dúdú bí ìkòkò aláró. A fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, fọ̀ ọ́. Ọ̀gá wa bi baba bóyá oògùn kan ti sọ ìtọ̀ wọn di pupa rí, torí oògùn tó fẹ́ lò lè ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní jàǹbá. Wọ́n ní rárá. Ló bá gbé abẹ́rẹ́ jáde, omi inú rẹ̀ búlúù bí ẹ̀lú.

Ìyàwó figbe ta. "Ẹ gbà mí o! Ṣé ẹ fẹ́ fi aró lé aró ni?"

"Màmá, èyí ló máa tún ẹ̀jẹ̀ tí tàkọ́kọ́ bà jẹ́ ṣe."

Ó rọra tì í sínú iṣan. Kò pẹ́, ètè baba ń pọ́n, wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Mo fẹ́ fò sókè, àfi bí wọ́n ṣe ké láti ilé ìtọ̀: "Dókítà! Mo ń tọ aró o!" A ti gbàgbé láti sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí.

Sálúbàtà ni baba fi jẹ alága nígbẹ̀yìn. Irun mi ti ń funfun báyìí, àwọn dókítà tuntun sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí aláìsàn bá dé, ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń kí. Wọn ò parọ́. Mo ń kí ẹsẹ̀, mo sì ń fa imú.