Ọkọ̀ Akẹ́rù Tí Wọ́n Ní Ó Ti Rì

Ìgbà tí títì ẹ̀sípúrẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ajah ni ìgbì gbé ògbólógbòó ọkọ̀ akẹ́rù kan wá sí etí òkun wa. Àwọn tó ń gé irin tà ti dé ìdí rẹ̀ kí Bàámi tó gbọ́. Arúgbó náà kò jẹun àárọ̀. Ó ní kí n mú òun lọ.

Mo mọ ohun tó ń wá. Nígbà ogun àgbáyé kejì, Bàámi ló máa ń fi epo sí ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan tí wọ́n kàn ní Amẹ́ríkà. Ibà dá a dúbúlẹ̀ ní Àpápá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì bá ọkọ̀ náà lọ dípò rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé ọkọ̀ ti rì, kò ku ẹnì kan láàyè. Nígbà tí wọn ò rí òkú, aṣọ ọ̀rẹ́ náà ni wọ́n sin. Ìyá rẹ̀ kò dáhùn ìkíni Bàámi mọ́ títí tó fi jáde láyé. Inú obìnrin yẹn máa ń bí mi. Àbí Bàámi ló ránṣẹ́ pe ibà?

"Kí lẹ máa fi mọ̀ pé òun ni?" ni mo bi í lójú ọ̀nà.

Ó ní kánjúkánjú ni wọ́n ń kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà ogun. Wọn ò fi ìṣó kan irin mọ́ irin, iná ni wọ́n fi ń jó o pọ̀. Orúkọ rẹ̀ gan-an, iná ni wọ́n fi jó o sára imú ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún.

"Ẹni tó bá rà á lè kun orúkọ míì lé e. Ti àkọ́kọ́ á ṣì wà lábẹ́ ọ̀dà."

Mo bẹ àwọn agérin, wọ́n yá mi ní àkàbà. Mo gùn ún, mo ń fi irin ha ọ̀dà. Ó nípọn bí èépá ìdí ìkòkò. Mo pe lẹ́tà àkọ́kọ́ sísàlẹ̀, mo pe ìkejì. Kí n tó ha ìkẹta tán, Bàámi ti ń pe ìyókù fúnra rẹ̀. Mo ha á dé òpin. Lẹ́tà kan ò yẹ̀.

Ọkọ̀ náà kò rì rárá!

Bàámi jókòó sórí yanrìn, ó sunkún, mo sì bá a sun díẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Nígbà tó nu ojú tán, inú wá bí i.

"Ọ̀dájú! A sin aṣọ ẹ, ìyá ẹ bá mi ṣọ̀tá dójú ikú, ìwọ lọ jókòó sílùú òyìnbó, ò ń mu tíì!"

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, Bàámi kì í dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìrẹ ohùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ó ń pariwo orúkọ náà títí a fi délé, ó ń bú u bí ẹni tó lè wọlé nígbàkigbà.