Ohùn Ìsàlẹ̀ àti Bàtà Sẹlína

Kùrukùru ló bo Brays Oaks, àdúgbò wa, ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, kò sì tíì dá tán; ó ń sẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí àwọn mọ́tò tí wọ́n tò síwájú apartment wa, ooru sì ń rú sókè láti ilẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí ìdérí ìkòkò. Bí Houston ti máa ń ṣe nìyẹn tí òtútù bá ti ń lọ. Aṣọ tí o bá sá síta kò ní gbẹ, ìwọ tí o sá a pàápàá kò ní gbẹ. Mo jókòó nídìí fèrèsé kíṣínì, mo ń já ẹ̀fọ́, ni ọmọ ọmọ mi, Tiwa, bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin ní ilé ìwẹ̀. Kì í ṣe orin gidi. Do, re, mi ni. Ó ń gùn ún lọ, ó ń sọ̀ ọ́ bọ̀, bí ẹni ń gun àkàsọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni Ọlọ́run fún ọmọ yìí, ohùn tó nípọn bí epo tó dì. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀fọ́.

Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ àná rẹ̀. Ilé ìwé ìjọba méjì ló wà níwájú Tiwa. Ọ̀kan wà nítòsí wa, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Èkejì jìnnà, ó wà lódìkejì freeway, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní orin bí ẹni ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ti gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n sì ti gbà á. Ó ku kí ìyá rẹ̀, Bísọ́lá ọmọ mi, fún wọn lésì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Níbi tí a ti ń jẹun ni ọmọ náà ti sọ ọ́ jáde.

“Mommy, mo ti decide. Èyí tó wà nítòsí yẹn ni mo máa lọ.”

“Ṣé ó dá ẹ lójú?” Bísọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé ni, oorun ń kùn ún.

“It’s fine. Màá tètè máa dé. Ta ló máa bá Grandma wá channel wọn?”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò sọ, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Lọ́dún tó kọjá mo ṣubú ní ilé ìwẹ̀, Tiwa ló ti ilé ìwé dé tó bá mi nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kì í ti í yà níbikíbi mọ́. Eré ló máa ń sá wálé. Ilé ìwé orin yẹn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tú àwọn ọmọ sílẹ̀.

Inú mi dùn. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo jẹun, mo gbàdúrà, mo sùn dáadáa. Àfi ìgbà tí do, re, mi yẹn dé etí mi ní àárọ̀ tí mo rántí pé mo ti mọ inú dídùn yẹn rí. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Mo mọ ibi tó ń gbéni dé.

Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Kànga kan ló wà láàárín ilé tiwa àti ilé àwọn Sẹlína, ìdí kànga yẹn ni a sì ti dàgbà. Bàbá rẹ̀ ni katikísì ìjọ Àgùdà, ọkùnrin tó máa ń lọ ṣòkòtò rẹ̀ títí tí yóò fi mú bí ọ̀bẹ. Aládùúrà ni tiwa, a máa ń wọ sùtánà funfun, a kì í sì í wọ bàtà bá a. “Ẹlẹ́sẹ̀ òfìfo” ni Sẹlína máa ń pè mí. Èmi náà máa ń pè é ní “Ọmọ Katikísì tí kì í gbààwẹ̀,” nítorí kò sí ohun tí a dá lé iná ní ilé tiwa tí kò bá wa jẹ.

Lórí òkè, lẹ́yìn ọjà, ni ilé ìwé àwọn Sister wà. Ìjọba ti gbà á lọ́wọ́ ìjọ Àgùdà nígbà náà, wọ́n ti yí ọ̀dà ara pátákó padà, ṣùgbọ́n Sister tó ń kọ́ wọn lórin kò kúrò níbẹ̀, dùùrù rẹ̀ kò sì kúrò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí ọ̀dọ̀ wa, a máa ń gbọ́ àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ tí wọ́n ń kọrin, ohùn gíga lórí ohùn àárín, ohùn àárín lórí ohùn ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n to iṣu sínú àká. Ìyá mi kì í fẹ́ rí ère inú ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà sójú, síbẹ̀ yóò gbé ọmọ odó sílẹ̀. “Ẹ dákẹ́ ná,” ni yóò wí, “ẹ jẹ́ n gbọ́ àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ wọ̀nyí.”

Bí ìyá mi ṣe fẹ́ kí n lọ síbẹ̀ nìyẹn. Ohun tó mú un kì í ṣe ìwé, orin ni. Bàbá Sẹlína ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ rò pé ibòmíràn wà lágbàáyé.

Èmi àti Sẹlína ti ń kọrin pọ̀ tipẹ́. Bí a bá ń fa omi, òun á gbé ohùn òkè, èmi á gbé ti ìsàlẹ̀, àwọn tó wá pọnmi á sì gbàgbé garawa wọn. N kò mọ̀ pé ohùn mi kì í dá dúró. Ṣe ló fara ti tirẹ̀ bí ẹni fara ti ògiri. Ta ló ń yẹ irú ìyẹn wò nígbà tí ògiri kò tíì kúrò?

Ọmọ tó bá fẹ́ wọ ilé ìwé náà máa kọ ìdánwò, lẹ́yìn náà Sister á gbọ́ ohùn rẹ̀ nídìí dùùrù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ orin yẹn, ìyá mi gbé sùtánà funfun wọ̀ mí kí àwọn áńgẹ́lì lè bá mi lọ. Ẹ rántí ohun tí mo sọ nípa sùtánà àti bàtà. Bí mo ṣe wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n fi póláìṣì pupa nù títí ó ń dán nìyẹn, ẹsẹ̀ lásán, erùpẹ̀ ọ̀nà ọjà ní gìgísẹ̀.

“Ẹ wo áńgẹ́lì tó jábọ́!” ọmọ kan ké láti ẹ̀yìn. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín.

Sẹlína bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó tú bàtà rẹ̀, bàtà Ọdún Àjíǹde tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún un. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó wá dúró tì mí lórí póláìṣì yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

“Ó ti di méjì,” ó ní. “Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ.”

Sister kò bínú sí ẹsẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ó ní kí a kọrin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tẹ dùùrù fún mi, mo la ẹnu, afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni ohun kan tó jọ ewúrẹ́ tẹ̀ lé e. “Ó ṣeun, ọmọ mi,” ni Sister wí, bí ẹni ń tu aláìsàn nínú. Nígbà tó kan Sẹlína, Sister gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù, ó sì ń gbọ́.

Wọ́n mú Sẹlína. Wọn kò mú mi.

“Mi ò lọ mọ́,” ni Sẹlína wí fún mi nídìí kànga. “Ta ló máa gbé ohùn ìsàlẹ̀ fún mi níbẹ̀?” Bàbá rẹ̀ nà án, ìyá rẹ̀ sunkún, Sister fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè wá bẹ̀ ẹ́. Sẹlína ní inú ń run òun. Inú náà ń run ún títí tí ilé ìwé fi wọlé. Èmi ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan, mo sì jókòó tì í, inú mi ń dùn.

A jọ lọ sí ilé ìwé gírámà ọ̀nà oko ni. Ayọ̀ wà níbẹ̀, kí n má tàn yín. Àgbá mọ́tò ni wọ́n ń lù bí agogo. Kò sí dùùrù, kò sí ẹni tó mọ orin, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá kó wa lọ ro oko ilé ìwé, èmi àti Sẹlína á dá orin sílẹ̀, gbogbo kíláàsì á dúró. Tíṣà iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àwa ni kò jẹ́ kí koríko ibẹ̀ tán. A máa ń pín iṣu sísun jẹ ní ọ̀nà ilé, epo á máa sàn dé ìgúnpá wa.

Lẹ́yìn náà bàbá mi kú, wọ́n sì ní kí n lọ bá àǹtí mi ní Èkó kọ́ òwò aṣọ. Bí ìwé mi ṣe parí nìyẹn. Sẹlína wọ yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ wá sin mí dé ibùdókọ̀. “Tètè dé o, Ẹlẹ́sẹ̀ òfìfo.” Òun tó torí mi dúró, mo fi í sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Bísọ́lá ti wà lẹ́yìn mi kí n tó padà débẹ̀.

Ó di tíṣà àwọn ọmọ kékeré. Ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú. Nígbàkígbà tí mo bá lọ kí i, tí mo sì fẹ́ mú ọ̀rọ̀ ilé ìwé àwọn Sister wá sẹ́nu, yóò ní, “Gbé tìẹ kí n gbé tèmi,” orin ni yóò sì bẹ̀rẹ̀. Houston níbí ni mo wà tí wọ́n fi pè mí pé ó ti lọ. Kànga náà ti dí, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun kan ò tíì yí padà: àwọn ọmọ ṣì ń wo ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n tó mú ilé ìwé.

Tiwa jáde, táwẹ̀lì lórí.

“Tiwa, ilé ìwé orin yẹn, ṣé o fẹ́ ẹ?”

“Grandma, I said it’s fine.”

“Mi ò bi ẹ́ bóyá ó fine. Mo ní ṣé o fẹ́ ẹ?”

Ó ń fa etí táwẹ̀lì. “Tí ẹ bá tún ṣubú ńkọ́?”

N kò bá a jiyàn. Ọmọ tó ti pinnu láti ṣàánú rẹ, ẹnu kò ràn án. Mo tẹ Màmá Káyọ̀dé láago, ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Wọ́n máa ń wá fi ọkọ̀ gbé e lọ sí daycare àwọn àgbà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú arúgbó títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ti ń bẹ̀ mí tipẹ́ pé ká jọ lọ.

“Ìwọ!” Ẹ̀rín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù. “Ṣebí o ní jẹ́lé-ó-sinmi arúgbó ni?”

“Mo sọ ọ́. Ìgbà wo ni ọkọ̀ wọn ń dé?”

Ní ọjọ́ kejì, kí Tiwa tó jí, mo ti wẹ̀, mo ti wọ bùbá, mo sì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì mi lórí itan. Ó jáde wá, ojú rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ mi. Kò rí mi pẹ̀lú bàtà láàárọ̀ rí, àfi tí a bá ń lọ rí dókítà.

“Grandma, ibo lẹ ń lọ?”

“Ilé ìwé.”

Ọkọ̀ fọn fèrè nísàlẹ̀. Mo dìde.

“Mi ò ní máa sí nílé mọ́ ní ọ̀sán,” ni mo wí fún un. “Tí o bá sáré wálé, ilẹ̀kùn títì lo máa bá. Jí ìyá rẹ, kí ó fún wọn lésì.”

Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mo sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bàtà mi ń ró lórí àtẹ̀gùn.