Ohun Tó Ń Ké Nínú Ilé

Nílé wa lẹ́yìn Dopemu, kò sí ohun tí kì í ké. Bí iná bá lọ, ínfátà á ké. Bí owó inú mítà bá fẹ́ tán, mítà á ké. Fìríìjì pàápàá ń ké bí a bá gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà tí nǹkan mìíràn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké ní yàrá tí mo ti ń kàwé, èmi ò tilẹ̀ dìde wò ó.

Yàrá yẹn ni kọ̀ǹpútà mi wà. Dísíìkì méjì ló wà nínú rẹ̀, ohun kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń tọ́jú, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì á wà. Ohùn ìyàwó mi ni mo fi pamọ́ síbẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a jókòó sílé, mo máa ń ní kó sọ ìgbà èwe rẹ̀ ní Èkìtì fún mi: bí wọ́n ṣe ń sá kòkó, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí ilé-ìwé. Mo ń fi fóònù gbà á sílẹ̀, mo ń kó o sínú kọ̀ǹpútà. Ó ti di olóògbé báyìí. Fóònù ọ̀hún náà ti bàjẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná dé, ó lọ, ó tún dé lójijì. Mo tan kọ̀ǹpútà, ó ní òun kò rí dísíìkì kankan. Mo jókòó, mo ń wò ó. Ní yunifásítì wa láyé ọjọ́un, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló gba odindi yàrá; à ń bọ́ bàtà ká tó wọlé, bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí. A gbà pé ohun tó bá ti wọ inú rẹ̀ kò lè sọnù mọ́.

Ọmọbìnrin mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Aláúsá yà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn iṣẹ́. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó fẹ́ eruku inú rẹ̀, ó sín.

"Dádì, ṣé oko lẹ dá síbí ni?"

"Ṣe iṣẹ́ tó o wá ṣe."

Ó fi wáyà mìíràn so dísíìkì kìíní. Ó jí. Ìtàn ìyàwó mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró síbi kẹ̀kẹ́. Gbogbo ohun tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, títí kan bí àwa méjèèjì ṣe pàdé, kò sí.

"Èyí ti dáṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́," ọmọ mi ní. "Èkejì nìkan ló ń dá a ṣe látìgbà náà."

Èkejì kọ̀. Ọmọ mi pààrọ̀ wáyà, dísíìkì tún kọ̀. Ó ha ẹnu dísíìkì náà tó ti dúdú níbi tí wáyà ń wọ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó tún ti wáyà bọ̀ ọ́. Dísíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó ń kùn bí ológbò tó ń sùn. A da gbogbo rẹ̀ kọ sórí dísíìkì tí ọmọ mi mú wá, ká tó mí.

Lẹ́yìn náà la wá gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn. Ìyàwó mi ń sọ bí mo ṣe yá agboòrùn rẹ̀ ní Ìkẹjà tí mi ò dá a padà, ló bá dánu dúró.

"Ẹ gbọ́ ná. Kí ló ń ké yẹn?"

Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, nǹkan ń dún: píì, píì, píì. Èmi náà sì dáhùn níbẹ̀: "Ínfátà ni. Máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ."

Ọmọ mi kọjú sí mi. "Dádì! Kọ̀ǹpútà ló ń ké. Ó ń sọ fún yín pé dísíìkì kan ti kú. Mọ́mì gbọ́, ẹ̀yin ò gbọ́."

"Kí ni ìyá ẹ kì í gbọ́?"

A rẹ́rìn-ín. Ó ní òun lè yọ ariwo yẹn kúrò, kí ohùn Mọ́mì lè dá wà. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Dísíìkì tuntun ti wà nínú ẹ̀rọ báyìí. Bí nǹkan bá sì ké nílé, mo máa ń dìde lọ wò ó. Lánàá, mítà ni.